Ẹni tí Kò Rí Agbe Rí: Ọ̀rọ̀ lórí Ìjálá, Fọ́tò àti Igbó Wa

Ní ọjọ́ kan báyìí, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìjálá, a dé ibi tí ọdẹ ti ń ki etu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbìyànjú. Wọ́n tọ́ka sí àwítúnwí, wọ́n tọ́ka sí àfiwé, wọ́n sọ ohun gbogbo tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ kí olùkọ́ lè fún un ní máàkì. Ni mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé tí mo mú wá sí kíláàsì. Mo ní, "Ta ni ó ti rí etu rí nínú yín?" Ọwọ́ mẹ́ta péré ni ó nà sókè. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ wò, ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rí i, níbi tí àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ ti fi okùn so ó rọ̀, tí wọ́n ń fì í sí àwọn ọlọ́kọ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ti rí etu tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Mo tún bi wọ́n léèrè agbe. Ní ti èyí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aró ni ti agbe, nítorí pé láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi í kọrin. Mo wá ní kí ẹnì kan jáde wá ya agbe sójú pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí àwòrán jáde. Nígbà tí ó yà á tán, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Adìẹ ni ó yà. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró kùn ún ni.

Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Bí a bá kọ́ ọmọ ní oríkì ẹni tí kò mọ̀, tí kò sì lè dá mọ̀ bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, kí ni a kọ́ ọ? Bí wọ́n bá sì ń gé igbó lulẹ̀ lónìí, ta ni yóò dìde gbèjà rẹ̀ nínú àwa ará ìlú, nígbà tí a kò mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀? Èyí ni ó mú kí n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò, lójú ewé yìí tí a yà sọ́tọ̀ fún àṣà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti ṣìnà.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò wọ igbó ọdẹ. Ahunṣọ kò lọ, aláte kò lọ, ọba tí ó jókòó sí ààfin kò lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọdẹ bá péjọ níbi ọdún Ògún, tàbí níbi ìnáwó ọ̀kan nínú wọn, oníjàálá ni yóò gbé igbó wá sí ìlú. Bí ó bá ń ki ẹranko, kì í sọ pé ó dára tàbí pé ó tóbi kí ó sì dákẹ́. Yóò sọ bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí ìrù rẹ̀ ṣe rí, irú ohùn tí ó fi ń ké, ohun tí ó ń jẹ, ibi tí ó ń sùn, àti ohun tí ó lè ṣe fún ọdẹ bí ọdẹ bá ká a mọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò dà bí ẹni tí ó rí i. Bí mo bá sọ pé ìjálá ni fọ́tò àwọn baba wa kí fọ́tò tó dé, n kò rò pé mo purọ́ mọ́ ọdẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa olùkọ́ kì í fẹ́ sọ nínú kíláàsì. Ọdẹ tí ń ki etu náà ni ó ń pa etu. Oríkì kò gba ẹranko kankan lọ́wọ́ ìbọn. Ohun tí ó gbà wọ́n sílẹ̀ láyé ìjelòó ni pé igbó pọ̀, ọ̀nà jìn, ìbọn kò sì tó nǹkan. Èèwọ̀ sì tún wà. Igbó kan wà tí a kò gbọdọ̀ dáko sí, igi kan wà tí a kò gbọdọ̀ gé láìṣe ètùtù, ìdílé kan sì wà tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹran kan. Lónìí, ayùn onímọ́tò kò bẹ̀rù ìrókò. Àwọn àgbà ní ajànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń pa òwe yìí kò rí erin rí. A kò tilẹ̀ rí i fìrí.

Ní ti fọ́tò, kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kámẹ́rà ti dé ilẹ̀ Yorùbá, a sì ti sọ ọ́ di tiwa. Ẹ wo fọ́tò àwọn àgbà ayé àtijọ́: bàbá jókòó gbagidi sórí àga, agbádá bo ẹsẹ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, kò sí ẹ̀rín lójú. Kì í ṣe ojú lásán ni ayàfọ́tò ń yà, iyì ni. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, àwọn ayàfọ́tò wa a máa ya èyí tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọn a sì pa á pọ̀ sójú kan kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Láyé àtijọ́, ère ni à bá gbẹ́. Nínú èyí ni a ti lè rí i pé lójú Yorùbá, fọ́tò kì í ṣe ohun ìṣeré. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó nù mọ́ wa lọ́wọ́ ni à ń yà.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn bàbá tí ó jókòó yẹn. Aṣọ ni wọ́n ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kun òdòdó, igi àti omi tí ń ṣàn sára aṣọ náà. Igi gidi wà ní ẹ̀yìnkùlé ayàfọ́tò. Kò sí ẹni tí ó wò ó. Ojú kan náà ni a fi ń lo fóònù alágbèéká lónìí. Ẹ lọ sí ìdí omi Ọlúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ọjọ́ ọdún. Ìpele méje ni omi náà fi ń já bọ̀ láti orí òkè. Àwọn ọ̀dọ́ á dúró síwájú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ara wọn ni wọ́n ń yà. N kò bú wọn o. Èmi náà ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé, ikùn mi ni ó bo omi náà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ibì kan fún yín tí wọ́n ti yí kámẹ́rà padà, tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí omi, tí omi náà sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹni gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa púpọ̀. Ní Tasmania ni, erékùṣù olókè tí òjò pọ̀ sí, tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olegas Truchanas wà níbẹ̀. Lithuania ni wọ́n ti bí i ní 1923. Ogun àgbáyé kejì sọ ọ́ di ìsáǹsá, ó sì dé Tasmania ní 1948. Ọ̀dọ̀ àjọ tí ń pèsè iná mànàmáná fún erékùṣù náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Bí ọjọ́ ìsinmi bá dé, yóò gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré, yóò wọ inú àwọn odò tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà dé, yóò sì máa ya fọ́tò. Ní oṣù kejì ọdún 1967, iná ìgbẹ́ ńlá kan jó dé ìlú Hobart. Ilé Truchanas jóná, fọ́tò tí ó ti ń kó jọ láti ọdún wọ̀nyí wá sì jóná mọ́ ọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń lé e ni pé àkókò kò sí. Ìjọba ti pinnu láti sé àwọn odò kan kí wọ́n lè fi ṣe iná mànàmáná, omi tí wọ́n bá sé yóò sì bo adágún kan tí ń jẹ́ Pedder, èyí tí iyanrìn etí rẹ̀ funfun, tí ó sì ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Ẹ má gbàgbé pé àjọ tí ń san owó oṣù fún Truchanas ni ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń gbé àwọn fọ́tò rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìlú Hobart, ó ń fi ẹ̀rọ tàn wọ́n sójú aṣọ funfun nínú òkùnkùn, orin sì ń lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé Pedder rí, wọn kò sì ní lè débẹ̀ mọ́, nítorí pé ní 1972 ni omi bò ó mọ́lẹ̀. Fọ́tò kò gbà á là. Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni Truchanas padà sí odò Gordon láti lọ tún ya ohun tí iná ti jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Odò gbé e lọ.

Ẹni tí ó rí òkú rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi ṣe ọmọ, Peter Dombrovskis. Jámánì ni wọ́n bí òun sí ní 1945, ọmọ Latvia ni àwọn òbí rẹ̀. Kò mọ baba rẹ̀, nítorí ogun. Ìyá rẹ̀ ni ó mú un dé Ọsirélíà ní 1950, tí ó sì ra kámẹ́rà fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Bí ọmọ ọdẹ ṣe ń tẹ̀ lé ọdẹ kí ó tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tẹ̀ lé Truchanas. Kámẹ́rà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń tẹ̀ gbàgà tí a sì ń lọ. Ó tóbi, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbé e lé, yóò fi aṣọ dúdú bo orí, yóò sì dúró de ìmọ́lẹ̀. Ó lè dúró pẹ́ kí ó tó ya ẹyọ kan.

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ sé odò mìíràn, tí omi yóò sì bo odò Franklin mọ́lẹ̀, Dombrovskis ti ya odò náà. Nínú fọ́tò kan tí ó lókìkí jù, ìkùukùu òwúrọ̀ bo omi, àpáta kan dúró láàárín odò bí ẹni tí ń ronú, igbó tútù sì wà ní ọ̀tún àti òsì. Ariwo ti gba ilẹ̀ kan nígbà náà. Láti oṣù kejìlá ọdún 1982 ni àwọn ènìyàn ti ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ọlọ́pàá mú. Ìdìbò gbogbogbòò sì ń bọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, 1983. Àwọn tí ń jà fún odò náà wá ra ojú ewé nínú ìwé ìròyìn ńláńlá, wọ́n sì tẹ fọ́tò àpáta àti ìkùukùu yẹn síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Ìjọba tí ó wà lórí oyè ṣubú. Èyí tí ó gorí oyè ṣe òfin láti dá iṣẹ́ náà dúró, àwọn ará Tasmania gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, adájọ́ mẹ́rin sì dá a láre níbi tí mẹ́ta ti tako ó, ní ọjọ́ 1, oṣù keje, 1983. Odò Franklin ń ṣàn títí di òní.

N kò sọ pé fọ́tò nìkan ni ó ṣe é. Bí kò bá sí àwọn tí ó gbà kí a tì wọ́n mọ́lé, tí kò sì sí àwọn agbẹjọ́rò, àwòrán tí ó dára kò ní ju àwòrán tí ó dára lọ. Pedder jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó dìbò ń gbé ní Sydney àti Melbourne, níbi tí odò náà jìnnà sí. Àpáta inú ìkùukùu ni ó ṣe oníjàálá fún wọn. Ó gbé igbó wá bá wọn nídìí tábìlì oúnjẹ àárọ̀. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú oríkì etu: ọdẹ yìí yin ohun tirẹ̀ tán, etu ṣì dúró. Iṣẹ́ yìí ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ lórí òkè nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 1996.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú, kí a má baà sọ pé mo gba rìbá lọ́wọ́ àwọn ayàfọ́tò. Fọ́tò lè purọ́ láìla ẹnu. Ẹni tí ó bá wo odò Franklin nínú ìkùukùu yóò rò pé kò sí ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti dá ayé. Irọ́ ni. Ihò kan wà létí odò yẹn, Kutikina ni wọ́n ń pè é, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti gbé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọdún sẹ́yìn. Ihò náà wà lára ohun tí wọ́n gbé dé iwájú ilé ẹjọ́. Bákan náà ni ní Amẹ́ríkà. Ní 1861, Carleton Watkins fi ìbaaka kó kámẹ́rà ràgàjì àti àwo gíláàsì lọ sí àfonífojì Yosemite. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn aṣòfin tí kò dé ibẹ̀ rí gbà pé kí wọ́n dáàbò bò ó, Ààrẹ Abraham Lincoln sì fi ọwọ́ sí òfin náà ní 1864. Nínú àwọn fọ́tò náà, àfonífojì náà dà bí èyí tí kò ní olówó, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú rẹ̀, ní 1851, ni àwọn ajagun ti lé àwọn Ahwahneechee tí ó ni ín jáde.

Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí kò sí igbó kan nílẹ̀ wa tí kò ní olúwa rẹ̀, yálà ènìyàn ni o tàbí òrìṣà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò wà títí di òní nítorí pé a gbàgbé rẹ̀. Ó wà nítorí pé wọ́n ń lọ síbẹ̀: Arugbá ń lọ, àwọn àwòrò ń lọ, Àdùnní Olóríṣà tí àwọn òyìnbó ń pè ní Susanne Wenger sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ dúró níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ ti àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà lọ sí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó yà. Bí àwọn tí ó ni ín bá ní ojú kò gbọdọ̀ rí ohun kan, kámẹ́rà náà kò gbọdọ̀ rí i.

Àwa náà ní ohun tí ó yẹ ní yíyà. Ní 2020, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi lórí àwọn òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River ya àwọn ìnàkí ńlá pẹ̀lú ọmọ wọn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta irú wọn ni a gbà pé ó kù ní ayé, ní Nàìjíríà àti Cameroon nìkan sì ni. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, erin díẹ̀ ṣì wà nínú igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹyẹ kan sì wà tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà akọ rẹ̀ pọ́n. Ní 1958 ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́ nínú ìwé wọn, kò sì sí níbikíbi lágbàáyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn léèrè rẹ̀. Wọ́n rò pé mo ń dá àpárá ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ agbe aláwọ̀ adìẹ yẹn, mo wá fọ́tò ẹranko àti ẹyẹ díẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà, mo sì kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ bá ọdẹ àgbà kan ní abúlé baba mi. Ojú bàbá náà kò ríran dáadáa mọ́. Ó gbé fọ́tò agbe sún mọ́ ojú, ó wo ìyẹ́ aláró, ó wo ṣóńṣó ìyẹ́ dúdú àtàrí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ igi tí agbe fẹ́ràn láti máa bà lé lẹ́yìn oko rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Nígbà tí ó kan etu, ó gbọn orí.

Ó ní, "Tíṣà, etu ibo nìyí? Etu tiwa kò pọ́n báyìí. Bí eérú ni àwọ̀ tirẹ̀ rí."

Òótọ́ ni ó sọ. Etu ilẹ̀ ibòmíràn ni mo gbé wá, tí mo sì ti fi ń kọ́ni. Ojú tì mí níwájú àwọn ọmọ náà. Bàbá yí fọ́tò náà padà, bí ẹni pé ó ń wá ìyókù ẹran lẹ́yìn bébà, ó wá bi wá pé, "Èyí tí wọ́n yà yìí, wọ́n ha pa á lẹ́yìn náà bí?" Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fèsì pé, "Rárá o, bàbá, wọ́n yà á, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ni." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki etu, etu eléérú tiwa, ó sì pẹ́ kí ó tó sinmi. Àwọn ọmọ náà gbà á sínú fóònù. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní.

Ó sọ fún wa pé òun ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò kékeré kan, ní ìkángun oko kòkó. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn padà lọ ní àsìkò ìsinmi, òun àti ọmọ ọmọ bàbá. Ìdájí mẹ́ta ni wọ́n fi lúgọ síbẹ̀, ẹ̀fọn sì jẹ ìjẹ tirẹ̀ lára wọn. Fọ́tò tí wọ́n mú bọ̀ kò dára, kí a sọ òótọ́. Ewé bo ìdajì rẹ̀. Etí kan, ojú kan àti ẹsẹ̀ iwájú méjì ni a rí, ìyókù rí bàìbàì. Wọ́n gbé e fún bàbá. Ó ní, "Òun nìyí." Ó ní kí wọ́n bá òun fi gíláàsì sí i, kí wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò baba òun.